Ilé Ẹjọ́ Tí A Lè Ti Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́

Amoutivé, Lomé

Ìbídùn, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí n tó kí ọ, mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń sọ kiri nípa èmi àti ìwọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ òdodo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ọwọ́ mi kí o tó wọ ìpàdé ní Ọjọ́bọ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní mo bẹ̀ ọ́ pé kí o gbé àwòrán tí Kọ́lá, ọmọ Ìyá Kọ́lá inú ìjọ wa, yà lékè nínú àwòrán mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ yín fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn fún ilé ẹjọ́ tuntun. N kò bẹ̀ ọ́. N kò tilẹ̀ mọ èwo ni ti Kọ́lá nínú wọn. Nọ́ńbà ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Ká tilẹ̀ ní mo mọ̀ ọ́n, ìwọ náà mọ̀ pé n kò ní bẹ̀ ọ́.

Èkejì, wọ́n ní o gbé àwọn àwòrán náà wá sílé fún mi ní ìkọ̀kọ̀. Òtítọ́ ni pé mo rí wọn. Ní gbọ̀ngàn ìlú ni mo ti rí wọn, lójú gbogbo ènìyàn, níbi tí wọ́n fi wọ́n kọ́ sí kí ará ìlú lè wò wọ́n kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Mo tò lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú mi. Mo tún padà lọ ní ọjọ́ kejì. Ìyẹn ni wọn kò sọ.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní èmi àti Ìyá Kọ́lá jọ ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ nítorí pé a ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wa. Gbòǹgbò gbogbo rẹ̀ nìyí, nítorí náà n ó sọ bí ó ṣe rí. Mo fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ pé mo fẹ́ dúpẹ́ nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ. N kò mọ̀ pé Ìyá Kọ́lá náà ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan náà, nítorí pé àwòrán ọmọ rẹ̀ wà lára mẹ́ta tó kù. Ìwàásù ti pẹ́ lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé fẹ́ dín àkókò kù, ó sì pe ìdílé méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. O mọ bí a ṣe ń ṣe é: ẹgbẹ́ akọrin á bẹ̀rẹ̀, ìdílé á bọ́ síta, àwọn olólùfẹ́ á tẹ̀ lé wọn, gbogbo wọn á jó lọ síwájú. Èmi kì í jó. Mo rìn. Ìyá Kọ́lá gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí aládùúgbò ṣe máa ń ṣe, ẹnì kan sì gbé fóònù sókè. Kí oòrùn tó wọ̀, fọ́tò náà ti dé ọjà Gbossimé. Ìdúpẹ́ méjì ni. Wọ́n kà á sí ẹyọ kan.

Ní ọjọ́ kejì, Tántì Rúùtù, àbúrò bàbá rẹ, ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ ní Gbossimé, ó sì wá bá mi. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ń pariwo.

"Ìyàwó wa, ẹ kú oríire o! A gbọ́ pé ẹ ti pín kóòtù láàárín ara yín. Wọ́n ní Ìyá Kọ́lá mú yàrá ìdájọ́, ẹ̀yin mú ibi ìgbọ́kọ̀sí."

"Adúmáadán," mo dá a lóhùn, nítorí orúkọ tí mo sọ ọ́ ní ọjọ́ tí mo wọ ilé wọn kò tíì yí padà, "ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni kò sọ? Ẹni tó ń ta káàdì fóònù níwájú ìsọ̀ mi ti bi mí bóyá wọ́n ṣì ń gba ọlọ́dẹ síbẹ̀. Mo ní kó mú ìwé rẹ̀ wá."

"Ẹ ní kó mú ìwé wá?"

"Kí ni ǹ bá sọ? Ẹ̀yin kò kúkú sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń bá sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí o pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. "Màmá," o ní, "bọ̀n, ó ti tó. Mo máa kọ̀wé sí alága pé mo yọwọ́. N kò lè jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ yín ṣeré ní ẹnu ìsọ̀." Mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn rẹ. Mo ní kí o dúró de lẹ́tà mi. Òun nìyí. Mo kọ ọ́ dípò kí n pè ọ́ kí o lè fi han alága yín bí ó bá fẹ́ kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí n kò lè sọ níwájú adájọ́.

Wàyí o, mo kí ọ. O kú iṣẹ́ ìlú, ọmọ mi. Inú mi dùn. Mo kọ gbólóhùn yẹn síbẹ̀ kí o má baà máa wá a kiri nínú ìyókù lẹ́tà. Inú mi dùn débi pé mo ti fi ìyẹ̀fun ya ilẹ̀ ilé ẹjọ́ sórí tábìlì ìdáná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí mo sì sáré nù ún kúrò kí Tántì rẹ má baà ká a mọ́ mi lọ́wọ́.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí o fi gba ìwé ẹ̀rí tìrẹ ni mo fi jẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù kékeré tí wọ́n ti wó báyìí. Yorùbá, Mínà, Faransé. N kò ní ọ̀rọ̀ ti ara mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ń gbé láti ẹnu dé etí. Ẹni tí kò gbọdọ̀ sọ tirẹ̀ a máa wòye. Ohun tí mo rí nínú ilé yẹn ni mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Má yọwọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí o bá kọ ìwé náà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yóò ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ká a mọ́ ọn lọ́wọ́." Ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó láìsí ìwọ. Nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan ló dàgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù, tí o ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ lórí orúnkún, tí o ń dúró kí ìyá rẹ jáde. Ta ni yóò sọ fún wọn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń rí láti ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ọmọdé ga mọ?

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, dìde, kí o sọ ọ́ láìfi ìtìjú kún un: "Mo mọ̀ pé ọmọ ìjọ wa kan wà lára àwọn tó ya àwòrán. N kò mọ èwo ni tirẹ̀. Ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ kan náà." Kí o jókòó. Bí wọ́n bá ní kí o bọ́ síta, bọ́ síta pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o dúró, dúró kí o ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá ti fi ẹnu ara wa sọ kì í ní ariwo mọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ ọ́.

Mo mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, ẹjọ́ kan dé tí olùpẹjọ́ jẹ́ ará Ṣakí bíi tiwa. N kò sọ ọ́. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni ìwà rere. Nígbà tí ẹjọ́ dé àárín, agbẹjọ́rò ẹnìkejì dìde. "Màdáàmù ògbufọ̀," ó ní, "ṣé ìlú kan náà ni ẹ̀yin àti olùpẹjọ́ ti wá?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo dáhùn. Gbogbo ohun tí mo ti túmọ̀ láti òwúrọ̀ ni wọ́n pa tì, wọ́n pe ògbufọ̀ mìíràn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Bí o bá fura sí èyí tó jẹ́ ti Kọ́lá, má fi ìyà jẹ ẹ́ kí ọwọ́ rẹ lè dà bí èyí tó mọ́. Ojúsàájú ni ìyẹn náà. Ó kàn kọjú sí ọ̀nà kejì ni.

Èkejì. Má jẹ́ kí iwájú ilé tàn ọ́. N kò ní kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ. Mo kàn fẹ́ rán ọ létí ilé tí a ti tọ́ ọ. Nígbà tí èmi àti bàbá rẹ fẹ́ kọ́lé, ayàwòrán gbé ìwé méjì wá. Ọ̀kan ní òpó méjì níwájú, bí ilé gómìnà. Bàbá rẹ wò ó, ó ní, "Àwọn òpó yìí, kí ni wọ́n gbé dúró?" Mo ní, "Wọ́n gbé orúkọ wa dúró." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ pé obìnrin tó kàwé ló ń gbé níbẹ̀. A mú olópòó. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ọ̀dọ̀ òkun ni ilé ìdáná kọjú sí. O mọ ìyókù. Ní gbogbo ọjọ́ tí a bá din ẹja, afẹ́fẹ́ òkun á gbé òórùn rẹ̀ gba pálọ̀ kọjá, á gbé e wọ inú ìwé, á gbé e wọ inú aṣọ ilé ìwé rẹ, títí olùkọ́ rẹ fi bi ọ́ bóyá a máa ń ta ẹja. Òpó méjèèjì ṣì wà níwájú ilé. Títí di òní, wọn kò gbé nǹkan kan dúró.

Ní gbọ̀ngàn ìlú, mo wo àwọn àwòrán náà pẹ̀lú ojú ẹni tí òpó ti tàn jẹ. Nínú àwòrán, òjò kì í rọ̀. Igi tí wọn kò tíì gbìn ti dàgbà. Àwọn ènìyàn tí wọ́n yà síbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, ó mú báàgì kékeré kan lọ́wọ́. Ta ló ń lọ sí kóòtù báyìí ní ìlú wa? Ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá ọkọ á wá, olórí ẹbí á wá, ìyá ọmọ á pọn ọmọ wá, wọ́n á gbé oúnjẹ, wọ́n á gbé ẹní. Àbẹ̀kẹ́, béèrè lọ́wọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan pé: níbo ni ìyá ọkọ máa jókòó sí?

Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú mi lórí ìlà. Mínà ni wọ́n ń sọ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ láìfi nǹkan kún un. Wọ́n dé iwájú àwòrán tó jẹ́ dígí láti òkè délẹ̀.

"Ilé ẹjọ́ ni èyí àbí báǹkì?" ọkọ béèrè.

"Kí lo mọ̀ nípa báǹkì? Ẹnu ọ̀nà ni ìwọ máa ń dúró sí."

"Mo máa ń dúró síta nítorí pé òtútù ẹ̀rọ wọn ń wọ̀ mí léegun. Èyí náà yóò wọ̀ mí léegun."

"Bí iná bá lọ ńkọ́? Pẹ̀lú gbogbo dígí yìí? Adájọ́ yóò jinná."

"O ò rí i pé ó dára," ọkọ wí, "á yára dájọ́."

N kò sọ pé dígí kò dára. Mo ní kí o béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀sán tí iná bá lọ, kí o má sì gba "ẹ̀rọ amúnáwá wà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Béèrè ta ni yóò máa ra epo sí i lẹ́yìn tí àwọn tó wá gé rìbọ́ọ̀nù bá ti lọ.

Ẹ̀kẹta. Tẹ́tí sí àwòrán. Mo mọ̀ pé ojú ni a fi ń wò ó. Tẹ́tí sí i síbẹ̀.

Mo ti sọ fún ọ nígbà kan pé mo ti rí bí ilé ṣe lè sọ ẹni jẹ́jẹ́ di aláfojúdi, ṣùgbọ́n n kò sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àgbẹ̀ kan ni, àgbàlagbà, láti ìhà Atakpamé. Èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ sún mọ́ tiwa, nítorí náà èmi ni wọ́n pè. Ohùn rẹ̀ tútù bí ẹni tó ń tu ọmọ lójú. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí ni òjò dé sórí páànù. Adájọ́ ní kí ó gbé ohùn sókè. Mo pariwo kí ó lè gbọ́. Òun náà pariwo kí n lè gbọ́. Òjò ń pọ̀ sí i. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ le, ó ń na ìka nítorí pé ọ̀rọ̀ nìkan kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Adájọ́ lu tábìlì. "Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kì í jágbe mọ́ ilé ẹjọ́." Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá náà wò mí. Lẹ́yìn náà ó wo òkè.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé èmi ló ń jágbe ni, àbí òrùlé yín?"

N kò túmọ̀ ìyẹn. Mo jẹ́ ẹni tuntun, ẹ̀rù bà mí pé adájọ́ yóò kà á sí àfojúdi kejì. Ká ní mo túmọ̀ rẹ̀ ni, adájọ́ ì bá gbójú sókè. Kò gbójú sókè. Bàbá náà jókòó, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi ní kí ó máa lọ.

Mo ti jẹ́ ògbufọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Gbólóhùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan òrùlé, bá mi túmọ̀ rẹ̀. Béèrè ohun tí a ó gbọ́ nínú yàrá ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan bí òjò ńlá bá ń rọ̀, àti bí àwọn oní-zémi bá ń gbé alùpùpù wọn kọjá lójú títì. Bí o kò bá sí nínú yàrá yẹn, kò sí ẹni tí yóò bá mi túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Mú pẹ́ńsù. Tẹ̀ lé ìrìn ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú adájọ́: adájọ́ fúnra rẹ̀, olùjẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí, obìnrin tó pọn ọmọ. Níbi tí ìlà méjì bá ti pàdé, dúró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni kóòtù wa ní, àga gígùn kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó sórí rẹ̀ láti òwúrọ̀, ó wá jẹ́rìí sí ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà dé, kò rí àyè mìíràn, ó jókòó tì í. Kò fọwọ́ kàn án. Kò sọ nǹkan kan sí i. Ó kàn jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ọmọbìnrin náà wọlé, ó ní òun ti gbàgbé ohun gbogbo. Mo túmọ̀ rẹ̀: ó ní òun ti gbàgbé. Gbogbo wa mọ̀ pé kò gbàgbé. Àga náà ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni ó ń lé oorun ọ̀sán mi. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ láti kékeré: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo wà nínú kóòtù lójoojúmọ́, mo sì rí i bí ó ti ń ṣẹ. Títí di ọjọ́ àwọn ọmọ bàbá kan náà láti Amoutivé níbí.

Ìyá wọn kò jẹ́ ọ̀kan. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kún lọ́jọ́ náà, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n dúró sí àgbàlá. Igi furúùtù kan ló wà níbẹ̀. Ẹbí ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹní sí ìhà kan, ẹbí àbúrò tẹ́ tiwọn sí ìhà kejì, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Mo ń jẹun nítòsí. Oòrùn ń gòkè, ìbòòji ń kéré sí i. Bí ó ti ń kéré ni ẹní méjèèjì ń sún mọ́ra. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ sún wá. Oòrùn kò mọ ẹni tó jàre."

Ìyàwó àbúrò wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Obìnrin náà sún wá. Láìpẹ́ wọ́n ṣí oúnjẹ, ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ọmọ àbúrò, tí kò tíì mọ̀ pé ìjà wà, dìde, ó lọ jókòó síwájú abọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó sì na ọwọ́.

"Ẹ wo ọmọ yìí," ẹ̀gbọ́n wí. "Kò tilẹ̀ bi ẹnikẹ́ni kó tó mú ẹja."

"Bàbá yín ló jọ," ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Bàbá wa," àbúrò wí láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n bu ẹja náà sí méjì, ó mú egungun kúrò, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa pè wọ́n, olórí ẹbí ti jókòó sáàárín ẹní méjèèjì. Mo bá wọn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún adájọ́ pé kí ó dárí jì wọ́n, wọn kò tíì jẹun tán. Adájọ́ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò wọ́n, ó wò mí, ó sún ẹjọ́ síwájú. Wọn kò padà wá. Ìyàwó méjèèjì ń bá ara wọn lọ sí ìgbéyàwó títí di ìsinsìnyí. O mọ̀ wọ́n. N kò ní dárúkọ.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ igi náà, mo sì rí i tí ó tún ṣe é. Nígbà tí wọ́n gé e kí ọkọ̀ lè rí àyè dúró, n kò rí irú rẹ̀ mọ́.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn baba wa ló sọ ọ́, n kò sì ní já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ irú ilé tí kóòtù náà jẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ. "Màmá, ẹ ní kí n ya wọ́n sọ́tọ̀, ẹ tún ní kí n kó wọn pọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín nìyẹn, kò sì rọrùn. Ọmọbìnrin orí àga gbọdọ̀ rí ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé láìrí ojú ẹni tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn ọmọ bàbá kan náà gbọdọ̀ rí ìbòòji kan ṣoṣo tí oòrùn yóò fi lé wọn bára wọn. Ilé tó ya gbogbo ènìyàn sọ́tọ̀ yóò sọ gbogbo ẹjọ́ di ìjà títí ayé. Ilé tó da gbogbo ènìyàn pọ̀ yóò pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ẹni tó fẹ́ fara pamọ́, kó rí ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ sún mọ́, kó rí àyè. Kí ilé má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àbẹ̀kẹ́ mi, mo rí i! Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mẹ́ta náà ti gbìyànjú rẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìrìn ọmọbìnrin náà lórí rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà lọ, n kò sì bá ẹnikẹ́ni pàdé. Mo wá ìbòòji fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo rí i. Mo dúró níbẹ̀ títí obìnrin tó wà lẹ́yìn mi fi ní, "Ìyá, ṣé ẹ ti rí yàrá yín níbẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí àwa náà wá tiwa." Ìdí nìyẹn tí mo fi padà lọ ní ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú àgbà ló tàn mí. Kò tàn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi yẹn, n kò rò pé n ó tún rí i, ó wá wà lórí bébà níwájú mi, ẹnì kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ ló yà á.

Ẹ̀kẹfà kúrú. Wo àtẹ̀gùn iwájú. Lẹ́yìn náà, rántí orúnkún mi.

Mo tún fẹ́ kí o ṣe nǹkan kan fún àwọn méjì tí ẹ kò bá mú. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní kíkún, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí a dá lẹ́bi láìsọ ìdí fún un kì í lọ sílé. Ojú títì níwájú ilé ẹjọ́ ló máa ń dúró sí.

Ọmọ mi, ohun tí mo ní nìyẹn. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, mo sì fi òní kó tèmi jọ fún ọ, nítorí pé ìwọ ni wọ́n yàn. Lọ ní Ọjọ́bọ̀. Dìde kí o sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ méjèèjì síta. Jókòó. Tẹ́tí sí òrùlé.

Ohun tí n kò ní bá ọ sọ mọ́ nìyí. N kò ní sọ̀rọ̀ fọ́tò inú ìjọ mọ́, pẹ̀lú ìwọ tàbí pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Èmi àti Ìyá Kọ́lá kí ara wa lánàá lẹ́nu ọ̀nà, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí Tántì Rúùtù bá bi ọ́, sọ fún un pé mo ní kí ó dá ìwé ọlọ́dẹ padà fún oníkáàdì. N kò sì ní sọ èwo nínú àwọn àwòrán mẹ́ta náà ni mo dúró níwájú rẹ̀. Má bi mí lórí fóònù. Má bi mí nígbà tí ìpàdé bá parí. Má rán ọkọ rẹ láti Adakpamé wá bi mí pẹ̀lú àkàrà.

Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà tán, tí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí mi sí, èmi yóò wá síbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí n kò ní ẹjọ́. Wá mi sí ibi tí ìbòòji wà. Bí o kò bá rí mi níbẹ̀, a jẹ́ pé èyí tí mo dúró níwájú rẹ̀ kọ́ ni ẹ mú.

Ìyá rẹ.